Ta Ló Yí Alùpùpù Lu Tíṣà?

Òkú ló kọ́kọ́ kí Alága káàárọ̀ lọ́jọ́ àfihàn.

Ó ṣí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú alùpùpù àtijọ́, ó ní kí òun tún fi aṣọ nu àwọn alùpùpù lẹ́ẹ̀kan sí i kí èrò tó dé. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ sórí pèpéle onígi tí wọ́n fi irin gbá létí, wọ́n ń dán gbinrin. Arúgbó ni gbogbo wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn ju Alága lọ lọ́jọ́ orí, bẹ́ẹ̀ Alága ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àyè kan ṣófo láàárín wọn. Alùpùpù pupa tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé ènìyàn láyà.

Tíṣà ni.

Kí oòrùn tó mú, ọlọ́pàá ti dé. Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Jẹ́jẹ́ làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀daràn a máa sọ pé ó sàn kí wọ́n fi igbe pa àwọn ju kí obìnrin yẹn bá àwọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ.

"Ìjàǹbá ni, mà," Alága sọ. "Ó gun pèpéle, ó fà á mọ́ra, ó wó lù ú. Ẹ sáà wò ó."

Jẹ́jẹ́ ń wò ó ná. Ó lóṣòó ti òkú náà. Ojú ọgbẹ́ wà lẹ́yìn orí. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún kún fún ìyẹ̀fun kan, pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó bá àpò aṣọ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn fà lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Atíkè obìnrin nìyẹn," kọ́nsítébù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ, ó ń nawọ́ sí èékánná òkú.

"O ti rí atíkè tó le bí òkúta rí?" Jẹ́jẹ́ bi í. Ó yíjú sí alùpùpù. "Alága, báwo ni eléyìí ṣe ń dúró?"

Inú Alága dùn díẹ̀ pé wọ́n bi òun ní ohun tí òun mọ̀. "Àwọn àgbà ayé àtijọ́ ò ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bíi ti ìsinsìnyí, mà. Irin kan ló wà lẹ́yìn. Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á gbé táyà ẹ̀yìn gùn ún. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ, wọ́n á ká irin náà sókè, wọ́n á fi ìkọ́ kọ́ ọ mọ́ mọ́dígáàdì ẹ̀yìn."

"Lórí pèpéle, ńkọ́?"

"Irin náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣubú."

"Ẹ wá wò ó."

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin ìdúró náà ti ká sókè. Ìkọ́ ti dì í mú ṣinṣin.

"Ṣé ó lè kọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣubú?"

Alága na ara rẹ̀ ró, ó sì wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé wá dáhùn. "Rárá o," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọwọ́ ènìyàn ló ń kọ́ ọ."

Ẹnì kan ló ti ká irin náà sókè. Ẹnì kan ló yí alùpùpù náà wá sí etí pèpéle, tó sì tì í lu Tíṣà.

Nǹkan kan ṣì wà tí Jẹ́jẹ́ ń wò. Lápá ọ̀tún táńkì epo, wọ́n de rọ́bà dúdú kan mọ́ ọn, níbi tí orúnkún ẹni tó ń gùn ún máa ń fara tì. Lápá òsì, ihò nọ́ọ̀tì méjì ló kù. Kò sí rọ́bà.

Ibẹ̀ ló wà tí Dókítà Eyín fi dé. Òun ló ni alùpùpù pupa náà. Òun náà ni ọ̀rẹ́ tí Tíṣà ní láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó di ọmọbìnrin Tíṣà mú lápá kan, bí ẹni pé bí òun bá fi í sílẹ̀ á dojú bolẹ̀. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló ń pè ní ọmọ. Nígbà tó rí òkú, òun gan-an ló kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

"Alùpùpù mi ló pa ọ̀rẹ́ mi! Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e wá síbí!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Eyín," ni ọmọbìnrin náà ń sọ. Òun tí bàbá rẹ̀ kú ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Jẹ́jẹ́ dúró kí ẹkún náà rọlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dókítà. Ẹ má bínú. Rọ́bà apá òsì ńkọ́?"

"Rọ́bà wo?" Ó nu ojú. "Áà. Kò ní in. Bí mo ṣe rà á nìyẹn, apá kan ṣoṣo ni mo bá lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́."

Ó jọ ìdáhùn ẹni tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́.

*

Yàrá kékeré tí ẹgbẹ́ ń kó àga sí ni Jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Alága ló kọ́kọ́ pè.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Tíṣà jà lánàá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìjà kọ́, mà. Àríyànjiyàn ni."

"Wọ́n ní ẹ pariwo."

"Àwa ò ní ìyàwó nílé tí à ń pariwo mọ́, alùpùpù ló kù." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Ẹ ò mọ Tíṣà ni. Ojú Idì là ń pè é. Bí ẹ bá mú nọ́ọ̀tì lásán fún un, á sọ alùpùpù tó ti jáde, á sọ ọdún rẹ̀. Mo ní rọ́bà orúnkún ara alùpùpù Dókítà kì í ṣe ti ọdún tí wọ́n ṣe é. Tíṣà ní ti ọdún náà ni. Ó ní kí n fi lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí ti òsì wé ti ọ̀tún. Ó ní lẹ́tà ọ̀tún pé, ti òsì já láàárín, wọ́n fi nǹkan mìíràn dí i. Mo ní kí ló kan èmi ní lẹ́tà? Mo bínú, mo wá lọ sílé. Ìyàwó mi… rárá, òun ti kú. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mà. Mi ò ní ẹlẹ́rìí."

Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. "Nígbà tí ẹ ń jiyàn, ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Tà-á-fún-mi nìkan. Dókítà ti lọ ra epo ìdán. Ìgbà tí mò ń lọ sílé ni mo pàdé rẹ̀ tó ń padà bọ̀."

Tà-á-fún-mi ni oníṣòwò tó ń ra alùpùpù àtijọ́ kiri. Bó bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni, kò ní kí onítọ̀hún tán kó tó sọ pé, "Tà á fún mi." Wọ́n ní ó ti sọ ọ́ fún opó rí, nídìí pósí ọkọ rẹ̀. Òógùn bò ó nígbà tó jókòó síwájú Jẹ́jẹ́.

"Wọ́n rí yín níbí nírọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ."

"Òótọ́ ni, mà. Mo fẹ́ kí Tíṣà bá mi wádìí ọdún alùpùpù pupa yẹn ni, kí n tó lọ bá Dókítà."

"Kó lè tà á fún yín."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn, mà."

"Ẹ wọlé?"

"Mi ò wọlé! Ẹnu ọ̀nà ni mo dé. Mo gbọ́ ohùn Tíṣà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, 'Háà, òun àti Alága ò tíì jà tán.' Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ rí Alága?"

"Mi ò rí i. Ta ni ì bá tún jẹ́? Àwọn méjèèjì náà ló ń fa ọ̀rọ̀ lọ́sàn-án."

"Kí ni Tíṣà sọ? Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ọkùnrin náà dijú kó lè rántí. "Ó ní, 'Fọwọ́ kàn án. Mo ní kóo fọwọ́ ara rẹ kàn án.'"

"Ọwọ́ ara rẹ, àbí ọwọ́ ara yín?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ara rẹ."

"Báwo ni Tíṣà ṣe máa ń bá Alága sọ̀rọ̀?"

"'Ẹ' ni o. Tíṣà ò fi àgbà ṣeré. Kódà bí inú bá ń bí i, 'ẹ' náà ni. Èmi tí mo kéré sí i, 'ẹ' ló ń pè mí. Wàhálà olùkọ́ nìyẹn."

"Ta ló wá ń pè ní ìwọ?"

"Ọmọ rẹ̀. Àti…" Ó lanu, ó pa á dé. Ó wo ilẹ̀kùn. "Mà, mi ò sọ nǹkan kan o."

Jẹ́jẹ́ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ Alága, "ọwọ́ yín" ni ì bá sọ. Ọkùnrin yìí ò purọ́. Ohun tó rò ni kò bá ohun tó gbọ́ mu.

*

Dókítà tó yẹ òkú náà wò ní ilé ìwòsàn ìjọba ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ó fẹ̀yìn orí lu irin etí pèpéle. Bóyá wọ́n tì í, bóyá ó yọ̀. Ìyẹn ò pa á. Alùpùpù ló pa á."

"Báwo ni àkókò tó wà láàárín méjèèjì ṣe gùn tó?"

"Ó tó láti sáré pe èèyàn." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sọnù. "Ilé ìwòsàn wa kọjú sí gbọ̀ngàn yẹn. Títì ló là wá láàárín."

Jẹ́jẹ́ rò ó títí tó fi dé ilé Tíṣà. Ìbínú lásán a máa tini. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró, tó ń gbọ́ bí ẹnìkejì ṣe ń mí, tó wá lọ ká irin alùpùpù sókè, nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn ìyẹn.

Ọmọbìnrin Tíṣà mú un wọ yàrá bàbá rẹ̀. Àwòrán alùpùpù bo ògiri látòkè délẹ̀: táńkì, iná iwájú, ọwọ́ ìdarí, ìjókòó aláwọ.

"Wọ́n fẹ́ràn alùpùpù gan-an," Jẹ́jẹ́ sọ.

"Bàbá mi kórìíra alùpùpù."

Jẹ́jẹ́ yíjú padà.

"Alùpùpù ló pa ìyá mi," ọmọbìnrin náà sọ. Ó jókòó sétí ibùsùn. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Wọ́n ń mú mi lọ sílé ìwé. Ẹni tó gbá wa sá lọ. Ègé rọ́bà dúdú kan ló já bọ́ sílẹ̀, lẹ́tà díẹ̀ wà lára rẹ̀. Bàbá mi mú un lọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí ni kí àwọn fi rọ́bà ṣe. Ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa alùpùpù. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ti àtijọ́ hàn, wọ́n á lọ. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ alùpùpù ti kó sí wọn lórí. Wọn ò mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá mi ń wá."

"Ègé rọ́bà náà dà?"

"Àpò aṣọ kékeré kan wà ní àyà wọn. Kì í kúrò níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ rántí ẹnu àpò tó là sílẹ̀. "Ta ló mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Èmi nìkan. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́ síta, ẹni náà á gbọ́, á gbé alùpùpù rẹ̀ pamọ́."

"Bàbá Eyín náà ò mọ̀?"

"Wọn ò sọ fún un. Kì í ṣe pé wọn ò fọkàn tán an o. Ta ni bàbá mi tún ní? Ẹ̀yìn ikú ìyá mi la mọ̀ ọ́n. Eyín iwájú mi kán lọ́jọ́ náà, bàbá mi bá gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dákẹ́ lọ títí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń dàgbà, á tún eyín náà ṣe fún mi. Ẹ wò ó, ẹ ò lè mọ̀ pé kì í ṣe tèmi."

Ó fi àtàǹpàkò ti eyín náà, ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Eyín funfun kan ló wà lára abala kékeré tó le, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ èrìgì. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Jẹ́jẹ́ wò ó pẹ́. Ó bi í bóyá òun lè rí omi mu. Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ bu omi, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà fara ti ògiri, ó sì dijú. Láyé ẹ̀, ó ti rí apànìyàn lóríṣiríṣi. Èyí wọ ọ́ lára bí òtútù.

*

Dókítà Eyín ń fọwọ́ ní ilé ìtọ́jú eyín rẹ̀ nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé. Lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, eyín àtọwọ́dá ló tò sílẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹnu. Ìyẹ̀fun pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ìgò ńlá kan.

"Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe, Dókítà?"

"Èrìgì. Ẹ ó po ó, á le."

"Ṣé ó lè dí rọ́bà tó já?"

Omi ṣì ń ṣàn lórí ọwọ́ rẹ̀. Kò pa ẹ̀rọ omi náà.

"Ẹ sọ fún mi pé alùpùpù yín ò ní rọ́bà apá òsì rí," Jẹ́jẹ́ sọ. "Lọ́sàn-án àná, Alága àti Tíṣà jiyàn lórí rọ́bà apá òsì yẹn gan-an. Ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tún wò ó lẹ́yìn Tíṣà. Tíṣà fi èékánná họ ibi tí wọ́n dí. Ohun tó wà nínú ìgò yìí ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ẹni náà, ìwọ ló pè é. Dókítà, ènìyàn méjì péré ni Tíṣà ń pè ní ìwọ."

Ojú Dókítà sá lọ síbi garawa tí wọ́n ń da àfọ́kù eyín àtọwọ́dá sí, Jẹ́jẹ́ sì rìn lọ sídìí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó dà á sílẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, rọ́bà dúdú kan jáde, kòtò kékeré kan wà létí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti họ nǹkan kúrò. Ègé kan wà nínú kòtò náà. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Lẹ́tà tó já ti pé.

"Kí ló dé tẹ́ ò sun ún?"

"Mi ò lè sun ún." Dókítà jókòó sórí àga àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó ti gbó lójijì. "Ogún ọdún ló fi gbé e sí àyà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sun ún?"

"Ẹ máa bá a lọ."

"Mò ń sáré lọ sẹ́nu iṣẹ́ ni. Mi ò rí wọn. Mo dúró, mo wẹ̀yìn. Obìnrin náà ṣì ń mí. Ọmọ náà jókòó tì í. Dókítà ni mí, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo lọ." Ó fi ọwọ́ tútù bojú. "Mo kun alùpùpù náà ní pupa, mo gbé e pamọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bàbá kan gbé ọmọ tí eyín rẹ̀ kán wá. Mo mọ ọmọ náà. Mo ní Ọlọ́run ló gbé e wá kí n lè san án. Mo sì ń san án. Ẹ bi í léèrè! Kò sí ohun tí bàbá ń ṣe fún ọmọ tí mi ò ṣe."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gbé alùpùpù náà jáde?"

"Irú rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo fẹ́ kí ojú rí i kí n tó kú. Ìgbéraga ni. Mo dí ibi tó já, kí àbùkù má bàa hàn. Mi ò mọ̀ pé ègé náà wà láyé."

"Tíṣà wá fi hàn yín."

"Kò pariwo. Ó bi mí pé ṣé èmi ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń lọ sọ fún ọmọ òun. Ó yí padà, mo fà á, ó jà, mo tì í. Ó fẹ̀yìn orí lu irin etí pèpéle. Ó ṣì ń mí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí iná ilé ìwòsàn ní òdìkejì. Mo ní bí wọ́n bá wò ó sàn, á sọ fún un. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ojú tí ọmọ yẹn máa fi wò mí ni. Mo padà wọlé. Mo ká irin sókè."

Kọ́nsítébù tó wà lẹ́nu ọ̀nà mí kanlẹ̀. "Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a."

"Ó bá a," Jẹ́jẹ́ sọ. "Ṣùgbọ́n òkú méjì ló ti fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, Alága wá dúró níwájú Jẹ́jẹ́, ó yọ fìlà. Ó ní ẹgbẹ́ kẹ́dùn. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ burú jáì. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa yọ̀ǹda alùpùpù pupa náà, nítorí irú rẹ̀ ò sí mọ́, òjò ò sì gbọdọ̀ pa á. Tà-á-fún-mi ti wà níta, ó ń dúró.

Jẹ́jẹ́ wo Alága títí tó fi dé fìlà rẹ̀ padà, tó sì jáde.

Ọmọbìnrin Tíṣà ló tẹ̀lé e. Ó ní òun fẹ́ rí Dókítà. Jẹ́jẹ́ ní kó lọ sinmi ná. Ó ní kò rẹ òun.

Wọ́n fi wọ́n jókòó kojú ara wọn, Jẹ́jẹ́ dúró sí igun. Dókítà ò lè gbójú sókè.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan," ọmọbìnrin náà sọ. "Ìyá mi. Ṣé wọ́n jẹ̀rora?"

Dókítà wo Jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Jẹ́jẹ́ mọ òtítọ́, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ilẹ̀ ló wò.

"Rárá, ọmọ mi," ọkùnrin náà sọ. "Ojú ẹsẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ mọ̀."

Ọmọbìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ohun tí èmi náà sọ fún bàbá mi nìyẹn. Wọn ò rí oorun sùn. Mo purọ́ fún wọn, kí wọ́n lè sùn. Wọ́n gbà mí gbọ́ títí tó o fi pa wọ́n." Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Mo wà níbẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Alùpùpù dúró, ọkùnrin kan wẹ̀yìn wò wá. Akoto bo ojú rẹ̀. Mo juwọ́ sí i. Mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má bẹ̀rù, pé ẹnì kan ti ń bọ̀."

Ó dìde, ó tún àga náà tì sábẹ́ tábìlì.

"Wọ́n gbà mí gbọ́. Ọ̀nà tó o gbà lọ ni wọ́n ń wò títí wọ́n fi dákẹ́."